Ẹ Gbé Irin Tó Dípẹtà Ka Orí Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ó wà nínú ìwé ilé-kéwú. Ọ̀rọ̀ irin ni, ọ̀rọ̀ ìpẹtà ni, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìpẹtà ṣe ń rìn ni. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí irú ilé-ẹ̀kọ́ tiwa yìí ní òṣùwọ̀n gidi kan, èyí tí ó lè mọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kí àwọn ọmọ sì máa fi wọn irin níwájú olùkọ́. Àwọn òbí kan ti ń bi wá pé kí ni irin ń wá nínú ẹ̀kọ́ kéwú. Ìbéèrè tó dára ni, a ó sì dáhùn rẹ̀.

Gbogbo wa la máa ń sọ pé ìpẹtà ti jẹ irin. A ń sọ ọ́ nípa ọkọ́, a ń sọ ọ́ nípa géètì, a ń sọ ọ́ nípa páànù orí ilé. A rí i tí irin ń tín-ín-rín, tí ẹ̀tù pupa ń já bọ́ lára rẹ̀, nítorí náà a gbà pé irin náà ti pàdánù nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá wọn irin kan, tí a fi í sínú iná títí ara rẹ̀ fi di èèpá, tí a sì kó gbogbo èèpá náà jọ láìjẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò, tí a wá tún un wọ̀n, ṣé yóò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ ni, tàbí yóò wúwo jù ú lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé yóò fúyẹ́. Rárá o, yóò wúwo sí i ni. Irin gíráàmù 7, bí gbogbo rẹ̀ bá di ìpẹtà pupa tó gbẹ, yóò di bíi gíráàmù 10. Bàbà gíráàmù 4 yóò di èèpá dúdú bíi gíráàmù 5. Irin funfun tí wọ́n ń pè ní magnesium, bí a bá jó gíráàmù 3 rẹ̀, eérú rẹ̀ tó gíráàmù 5. Ibo ni àlékún yẹn ti wá? Láti inú afẹ́fẹ́ ni. Ọ́síjìn tí a ń mí sínú ni irin ń gbà, tó sì ń so mọ́ ara rẹ̀. A jẹ́ pé irin gan-an ló ń jẹ afẹ́fẹ́.

Ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé Sárúfù kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Nínú Sárúfù, òṣùwọ̀n la fi ń mọ ọ̀rọ̀, mízán la sì ń pè é. A gbé kharaja ka orí fa'ala, a rí i pé lẹ́tà mẹ́ta ìpìlẹ̀ ló ní, a pè é ní mujarrad. A gbé istakhraja ka orí istaf'ala, a rí i pé lẹ́tà mẹ́ta ti wọlé tọ̀ ọ́, a pè é ní mazid. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n lè máa wá alífù àti sínù yẹn kiri láàárín lẹ́tà ìpìlẹ̀, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin. Irin tó mọ́ ni mujarrad, ìpẹtà ni mazid; òṣùwọ̀n ni yóò sọ iye ohun tó wọlé. Àwọn Lárúbáwá ń pe ìpẹtà ní sada', ṣùgbọ́n aksada ni àwọn onímọ̀ wọn òde òní ń pe iṣẹ́ tí irin àti ọ́síjìn jọ ń ṣe, láti ara orúkọ ọ́síjìn ni wọ́n sì ti ṣẹ̀dá rẹ̀.

Àwọn ará wa kan á fẹ́ kí a sọ pé àwọn Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ mọ èyí. A kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ ni pé ní ọdún 1121, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ al-Khazini, tó gbé ní Marw ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Turkmenistan lónìí, kọ ìwé kan tó pè ní Mizan al-Hikma. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló fi í sí ẹ̀kọ́. Nínú ìwé náà ó ṣàlàyé òṣùwọ̀n kan tó ní àwo márùn-ún, tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú afẹ́fẹ́ àti nínú omi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wúrà jẹ́ ojúlówó tàbí wọ́n ti lú fàdákà mọ́ ọn. Ó tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ al-Biruni tó ti wọn oríṣiríṣi irin àti òkúta iyebíye ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpẹtà ni wọ́n ń wọ̀n, kí á má sì gba iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni fún àwọn baba wa. Ọlá tiwọn tó wọn.

Dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé, Jean Rey, ló kọ ọ́ ní ọdún 1630 pé tánganran àti òjé máa ń wúwo sí i bí a bá fi iná sun wọ́n, afẹ́fẹ́ ló sì fà á. Àwọn èèyàn kò kà á sí. Ní ọdún 1673, Robert Boyle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn irin tó ti sun nínú ìgò, ó rí i pé ó wúwo sí i, ó ní ọ̀wọ́ iná ló gba ara ìgò kọjá wọlé. Lẹ́yìn náà ni Stahl, ará Jámánì, sọ pé bí irin bá ń jó, nǹkan kan ló ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù fi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣùwọ̀n ń takò wọ́n lójoojúmọ́. Báwo ni nǹkan yóò ṣe jáde kúrò lára ohun kan kí ohun náà sì wúwo sí i? Ẹnu wọn pọ̀ ju òṣùwọ̀n wọn lọ.

Lavoisier ló parí ẹjọ́ náà. Ní ọdún 1774, ó fi tánganran sínú ìgò, ó dí i pa, ó wọ̀n ọ́n. Ó fi iná sí i títí tí èèpá fi yọ lára tánganran náà, ó tún un wọ̀n láìṣí i. Kò sí ìyàtọ̀. A jẹ́ pé iná kò gba ara ìgò wọlé nìyẹn. Nígbà tó wá ṣí i, afẹ́fẹ́ ya wọlé pẹ̀lú ariwo, ìwọ̀n rẹ̀ sì lékún. Àlékún yẹn àti èyí tó wà lára tánganran náà dọ́gba. Ẹ wò ó bí ẹjọ́ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe tán lórí àwo méjì! Ọkùnrin yìí ni wọ́n bẹ́ lórí ní Paris ní ọjọ́ 8, oṣù May, ọdún 1794, nínú rògbòdìyàn ilẹ̀ wọn.

Títí di àsìkò rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ìṣòro kan wà. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìpẹtà inú iná ní láti sun irin, kó yọ ọ́, kó dúró kó tutù, kó wọ̀n ọ́n, kó tún dá a padà sínú iná. Bí ó bá sì ti ń tutù ni èèpá rẹ̀ ń sán, nítorí pé irin ń sún kì jinlẹ̀ ju èèpá lọ. Bí èèpá bá ti sán, irin tó wà nísàlẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, irin tó padà sínú iná kì í ṣe irin tó jáde wá mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wíwọ̀n kan àti òmíràn? Ní ọdún 1915, Honda Kotaro, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan ní ìlú Sendai, ṣe òṣùwọ̀n kan tí apá rẹ̀ kan so irin rọ̀ sínú ìléru, kí ó lè máa wọ̀n ọ́n bó ṣe wà nínú iná. Kò sí pé à ń yọ ọ́, à ń dá a padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lóde òní, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ wù wá púpọ̀. Ẹ fojú inú wo òṣùwọ̀n olápá méjì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Lára apá kan ni wọ́n ti so okùn wáyà tó tín-ín-rín bí irun, wọ́n sì so irin tí wọ́n fẹ́ wọ̀n mọ́ ọn, kò ju owó wẹ́wẹ́ lọ. Irin náà wọ inú ọpọ́n ìléru, kò fara kan ibì kankan. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ sí i, ó lè jẹ́ ọ́síjìn nìkan, ó lè jẹ́ oru omi. Ní ẹ̀yìn ọ̀pá òṣùwọ̀n náà ni iná kékeré wà, àti ojú kan tó ń ṣọ́ iná náà. Bí irin bá gba ọ́síjìn díẹ̀, ó wúwo, ọ̀pá fẹ́ tẹ̀. Kí ó tó tẹ̀, ojú yẹn ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ yí padà. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò rán iná mànàmáná sínú wáyà tí wọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ òòfà, òòfà á sì fa ọ̀pá padà sí ipò rẹ̀. Iye iná tó gbà láti mú ọ̀pá dúró gbọnrangandan ni ẹ̀rọ ń kà, òun ni ìwọ̀n. Kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ díẹ̀, lọ́sàn-án, lóru, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí bí wọ́n bá fẹ́. Èyí tó dára nínú wọn lè mọ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pá kì í tẹ̀ rárá. A ń mọ ẹrù nípa agbára tí ó gbà wá láti má ṣe jẹ́ kí ó tẹ̀ wá.

Wọ́n á wá pín àlékún náà sí iye fífẹ̀ ara irin náà, kí irin kékeré àti irin ńlá lè ṣeé fi wéra. Bí wọ́n bá sì ya á sórí ìwé, ìlà tó yọ ni ìtàn irin náà. Magnesium gbígbóná máa ń gba ọ́síjìn láìdábọ̀: èyí tó gbà ní wákàtí àkọ́kọ́ náà ló ń gbà ní wákàtí kẹrin. Bàbà nínú iná kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gba mílígíráàmù 2 ní wákàtí 1, ó di wákàtí 4 kó tó pé mílígíráàmù 4, ó sì di wákàtí 9 kó tó pé 6. Èèpá tó ń yọ lára rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà mọ́ ọn. Pilling àti Bedworth ni wọ́n fi ìyàtọ̀ yìí hàn ní ọdún 1923: èèpá magnesium kéré ju àyè tí irin tó bí i gbà lọ, kò lè bò ó tán, bí aṣọ tí kò tó ọmọ. Ní ọdún 1933, Carl Wagner ní Jámánì wá ṣàlàyé bí àwọn ẹyọ irin ṣe ń rìn gba inú èèpá náà kọjá. Ìkòkò alumíníọ̀mù tó wà ní ilé ìdáná yín, òun náà ti gba ọ́síjìn. Èèpá rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, ó sì bò ó pinpin, ìdí nìyẹn tí kò fi tán. Ìpẹtà irin inú òjò yàtọ̀ sí èyí, omi wà nínú rẹ̀, ó ń ho bí ìyẹ̀fun, kò dí ọ̀nà mọ́ ohunkóhun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi síǹkì bo páànù. (Wúrà kò bá wọn dá sí i ní tirẹ̀; gíráàmù 85 tí a fi ń mọ ẹni tí sàká wúrà kàn kì í lé, kì í dín nínú àpótí.)

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan fúnra rẹ̀ kò nílò olóòótọ́ èèyàn mọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé nǹkan fúyẹ́ díẹ̀, bí omi ti ń gbé e. Bí ìléru bá sì ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fúyẹ́, ìgbéfúyẹ́ yẹn á dín, irin á dà bí ẹni pé ó wúwo sí i, nígbà tí kò tíì gba ọ́síjìn kankan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ohun tí kì í dípẹtà ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì yọ iye yẹn kúrò. Ẹni tí kò bìkítà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpẹtà ni. Bí èèpá bá já bọ́ sílẹ̀, ìwọ̀n á wálẹ̀ lójijì, àfi bí a bá gbé àwo sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó fara sin jù lọ ni pé àwọn èèpá kan máa ń di èéfín lọ. Èèpá chromium ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá gbóná ju 1,000 lọ. Irin ń gba ọ́síjìn lápá kan, ó ń sọ èèpá nù lápá kejì, òṣùwọ̀n dúró sójú kan, aláìmọ̀kan á ní kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irin ń tán lọ. Ẹ̀rọ kò purọ́. Iye tó rí ló sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, ẹni tó bá sì ti fẹ́ kí ìtumọ̀ kan jáde ṣáájú kó tó wọ̀n ọ́n kò yàtọ̀ sí oníṣòwò tí ń fi àtàǹpàkò tẹ àwo. Àwọn ọmọ wa ti ka Suratul-Mutaffifin, wọ́n mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ṣé eré ọmọdé ni gbogbo èyí? Ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé àwọn ará wa lọ Mẹ́kà, àwọn abẹ̀bẹ̀ kan wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí atẹ́gùn tó gbóná ju 1,000 lọ ń lù. Wọ́n fi alumíníọ̀mù sínú irin wọn kí èèpá fẹ́lẹ́ tó lágbára lè bò wọ́n, orí irú òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n sì ti ń dán irin bẹ́ẹ̀ wò. Ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi agbára átọ́ọ̀mù ṣe iná mànàmáná tún ju ìyẹn lọ. Inú ọ̀pá irin kan tí ń jẹ́ zirconium ni wọ́n ń kó uranium sí, omi ló sì ń mú un tutù. Bí omi bá gbẹ, tí ọ̀pá gbóná rékọjá, zirconium á máa gba ọ́síjìn lára oru omi. Ooru tiwọn á tún kún un, hydrogen á sì ṣẹ́ kù, hydrogen sì ń bú gbàù. Ní ọdún 1974 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin sí i pé ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ gbóná kọjá 1,204 ní ìwọ̀n Celsius, ìpẹtà kò sì gbọdọ̀ wọ inú ìnípọn rẹ̀ kọjá ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ni yóò kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sínú òfin láìmọ iye ọ́síjìn tí zirconium ń gbà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan? Wíwọn irin náà wà lára ọ̀nà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù March ọdún 2011, omi òkun bo iléeṣẹ́ Fukushima ní Japan, ohun tó ń mú un tutù dáwọ́ dúró, ohun tí ìwé ti sọ ṣẹlẹ̀: ilé mẹ́ta nínú àwọn ilé ẹ̀rọ náà ni hydrogen bú gbàù nínú wọn.

A gbà pé òṣùwọ̀n kò mọ ohun gbogbo. Ní ọjọ́ 15, oṣù December, ọdún 1967, afárá kan tí wọ́n ń pè ní Silver Bridge já sínú odò Ohio ní Amẹ́ríkà, èèyàn 46 sì kú. Sísán kékeré kan tí ìpẹtà àti ẹrù jọ fà nínú irin kan ṣoṣo ló fà á, irú sísán tí kò tó nǹkan lórí òṣùwọ̀n. Àwọn tó bá fẹ́ ta kò wá lè mú èyí wá, a kò sì ní bá wọn jà. Ohun tí a óò sọ ni pé ẹni tó ti kọ́ láti wọn nǹkan dáadáa ni yóò tètè mọ ibi tí wíwọ̀n parí sí. Òkúta ìwọ̀n pàápàá, wọ́n wọ̀n ọ́n. Kílògíráàmù tí gbogbo ayé ń lò láti ọdún 1889 jẹ́ irin kan tí wọ́n tì mọ́ yàrá ní Sèvres, lẹ́bàá Paris. Lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n rí i pé òun àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ ti fi bí ìdá 50 nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan yàtọ̀ síra. Ní ọjọ́ 20, oṣù May, ọdún 2019, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì gbé kílò ka orí ìṣirò tí kò sí nínú irin kankan.

Ní ti owó, ẹ̀yin òbí, a mọ bí nǹkan ṣe rí. A kò béèrè ẹ̀rọ onínáwó ńlá tí a ṣàlàyé sókè yìí. Òṣùwọ̀n kékeré onífóònù-wíwo tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò tó wa, a sì rò pé bí a bá dín aṣọ ẹgbẹ́jọdá kan kù nínú ìnáwó wòlímọ̀, owó rẹ̀ á jáde. Kò sí ohun tó burú nínú aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń parí kéwú lọ́dọ̀ wa ló ń lọ kọ́ iṣẹ́ jórinjórin àti iṣẹ́ páànù. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe irin kí wọ́n tó mú un lọ́wọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Wọ́n á mú irin wínníwínní tí ẹ fi ń fọ ìkòkò, wọ́n á wọn gíráàmù 10 nínú àwo irin, olùkọ́ á fi iná sí i níta, kò ní sí ọmọ tó máa súnmọ́ ọn, wọ́n á sì tún un wọ̀n bó bá tutù. Kí olúkúlùkù kọ ohun tó rò sílẹ̀ kí iná tó ràn, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Iṣẹ́ kejì gba oṣù mẹ́ta: ìṣó mẹ́ta, ọ̀kan nínú ìgò gbígbẹ, ọ̀kan nínú omi kànga, ọ̀kan nínú omi iyọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ wọ́n, wọ́n á sá wọn gbẹ dáadáa, nítorí omi tó lẹ̀ mọ́ ìṣó ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọ́n á sì wọ ẹ̀tù tó bá já bọ́ sínú ìgò mọ́ ọn. A ti fa ìlà sínú ìwé tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí i lè wá lẹ́yìn ìrun àsáálátù ọjọ́ Jímọ̀.